Fíìmù Tí Mo Ṣí Sí Oòrùn

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà nínú mi fún ọdún mẹ́wàá ó lé. Ọkọ mi kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ mi kò mọ̀ ọ́n. Àlùfáà tó ń fún mi ní oúnjẹ Olúwa kò mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan wà tó ń jìyà rẹ̀ títí di òní, òun náà kò mọ̀ pé èmi ni mo fà á.

Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí nítorí pé ìgbéyàwó kan ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí mo bá dákẹ́ di ọjọ́ náà, a jẹ́ pé mo ti ṣe ohun tí mo ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi. Bí ẹ bá wá bú mi lẹ́yìn náà, n kò ní sọ pé ẹ ṣẹ̀ mí. Mo ti yí orúkọ gbogbo ènìyàn padà, ṣùgbọ́n n kò yí ohun tó ṣẹlẹ̀ padà.

Bàbá mi jẹ́ katikíìsì. Ó rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Ìbàdàn, mo sì kà á parí. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní ìlú kékeré kan ní apá Lágelú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ku bí ọdún mẹ́ta kí a gba òmìnira. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, n kò sì tíì lọ́kọ. Àwọn ará ìlú a máa sọ pé ìwé ni mo fẹ́. Kì í ṣe ìwé ni mo fẹ́.

Ọ̀gá Dáre ni mo fẹ́. Òṣèré ni. Ó ti bá ọkọ̀ sinimá ìjọba ṣiṣẹ́ rí, èyí tó máa ń lọ láti abúlé dé abúlé láti fi han àwọn àgbẹ̀ bí a ti ń fọ ọwọ́ àti bí a ti ń sá kòkó. Nígbà tó yá, iṣẹ́ náà sú u. Ó ní, "Ìjọba ń kọ́ àgbẹ̀ bí wọ́n ti ń fọ ọwọ́. Ta ni yóò kọ́ ìjọba?" Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó kó òṣèré mẹ́sàn-án jọ, èmi náà wà lára wọn, ó sì ra kámẹ́rà àlòkù kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Kámẹ́rà náà ń ya àwòrán tó ń rìn, ṣùgbọ́n kò gba ohùn sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ẹgbẹ́ wa ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí Ọ̀gá Dáre bá gbọ́ pé wọ́n fi ìyà jẹ ẹnì kan ní abúlé kan, yóò lọ bá onítọ̀hún. Yóò jókòó tì í ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Yóò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ẹnu rẹ̀. A ó wá fi ṣe eré ní gbangba ọjà, a ó yí orúkọ padà. Lẹ́yìn eré, kò ní kúrò lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Yóò wá lọ́yà, yóò sì kọ ìwé ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí ìjọba. Èmi ni mo ń kọ àwọn ìwé náà, torí ọwọ́ mi dára, n kì í sì í ṣi ọjọ́ tàbí orúkọ kọ. Ó máa ń sọ fún wa pé, "Ẹni tó bá fi ìyà ọmọlàkejì ṣeré, tí kò bá a ṣe ẹjọ́ rẹ̀, olè ni."

Nínú eré, èmi ni mo ń ṣe obìnrin tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí. Èmi ni mo ń sunkún. Ní Ẹgbẹ́dá, obìnrin kan tú gèlè orí rẹ̀, ó jù ú sí mi kí n fi nu ojú. Mo pa gèlè náà mọ́ nínú àpótí mi. N kò ní ọkọ, n kò ní ọmọ, ṣùgbọ́n mo mọ ẹkún sun, Ọ̀gá Dáre sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Bí mo ti rò ó nìyẹn.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ Bàbá Fádùnkẹ́ ṣẹlẹ̀, ní abúlé kan tí n kò ní dárúkọ. Àgbẹ̀ ni. Ìdílé wọn ń bọ Òrìṣà Oko, wọn kì í ṣe ọmọ ìjọ. Wolé-wolé dé abúlé náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú akódà méjì. Ó yẹ inú àmù wò, ó bá tanwíjí nínú ọ̀kan. Bàbá Fádùnkẹ́ ní omi ewúrẹ́ ni, àwọn kì í mu ún. Wolé-wolé ní kí ó máa bọ̀ ní kóòtù. Bàbá Fádùnkẹ́ ní òun yóò wá bí òun bá ti ti oko dé. Ọ̀kan nínú àwọn akódà náà bi í pé, "Ṣé oko rẹ ń pè ọ́ ju ọba lọ ni?" Ó dáhùn pé, "Oko mi ló ń bọ́ mi, ọba ò bọ́ mi rí."

Gbólóhùn yẹn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dè é mọ́ igi ọdán iwájú kóòtù. Wọ́n fi okùn di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó kú. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ibà ló pa á.

A dé ibẹ̀ kí wọ́n tó sin ín. Fíìmù kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ Ọ̀gá Dáre, kò sì lè tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó bẹ ìdílé náà pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ya ọrùn ọwọ́ òkú náà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé wọn kò dè é. Ẹ̀gbọ́n òkú náà ni olórí ìdílé. N óò pè é ní Bàbá Ọdẹ́túndé. Ó fi igi ọwọ́ rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà.

Ó ní, "Òkú kì í ṣe ọjà tí à ń pàtẹ."

Ìyàwó òkú náà, Ìyá Fádùnkẹ́, wà lórí ẹní. Irun rẹ̀ ti wà ní títú. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Lẹ́yìn òní, ilẹ̀ ni yóò máa wo ọwọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn rí i kí ilẹ̀ tó rí i."

Bàbá náà wò ó títí. Ó yẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ní, "Orí tìrẹ ni mo fi í lé o."

Èmi ni mo ká aṣọ kúrò lára òkú náà nígbà tí Ọ̀gá Dáre ń yà á. Mo fi ojú ara mi rí i. Okùn náà ti jẹ ẹran ara rẹ̀ wọlé, ó fi àmì sílẹ̀ yíká bí ẹni wọ ẹ̀gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé mo rí i.

Ìwé ẹ̀sùn tí mo kọ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó kà á, ìjọba sì ní àwọn yóò rán ènìyàn mẹ́ta wá ṣe ìwádìí. Àwọn akódà ti ń sọ pé àwọn kò dè é rárá. Àwọn ará abúlé rí i, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá akódà ṣẹjọ́ tí yóò tún máa gbé ibẹ̀? Wọ́n ti sin òkú náà. Nítorí náà fíìmù yẹn nìkan ni ẹlẹ́rìí tó kù. Gbogbo wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Fíìmù náà kò tíì tán. Ìlàjì rẹ̀ ṣì wà nínú kámẹ́rà. Ọ̀gá Dáre ní kí a fi ìlàjì tó kù ya bí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀ lábẹ́ igi, kí òun lè máa fi hàn ní àwọn ìlú mìíràn. Èmi ni n óò ṣe ìyàwó. Mo múra sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ń sunkún nínú yàrá mi, mo ń wo ara mi nínú dígí. Mo ti pinnu ibi tí n óò ti ṣubú lulẹ̀ àti iye ìgbà tí n óò yí gbiri.

Ní ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi kan létí abúlé wọn. Ọ̀gá Dáre kò tíì tan kámẹ́rà, ó ní kí a kọ́kọ́ dán an wò. Mo ṣubú. Mo ké. Nígbà tí mo gbé orí sókè, mo rí Ìyá Fádùnkẹ́ tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú aṣọ opó. Ogójì ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, kò yẹ kí ó jáde.

Ó sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́. "Mísì, ẹ má bínú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Mi ò sunkún."

Ọ̀gá Dáre bi í pé, "Kí lẹ ṣe nígbà náà?"

"Mo rẹ́rìn-ín."

Ó ní, "Àwọn akódà ní bí mo bá sunkún, àwọn ó tún okùn náà fà. Mo bá ń bá wọn ṣàwàdà. Mo pè wọ́n ní ọkọ mi. Mo ní kí wọ́n wá jẹ iyán nílé mi. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń fi gèlè mi fẹ́ atẹ́gùn sí Bàbá Fádùnkẹ́ lójú."

Ó sì ṣe é. Ó yí igi náà ká, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni, ó ń rẹ́rìn-ín sí akódà tí kò sí níbẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ò ní jókòó ni? Igi yìí ò ní sá lọ." Ẹ̀rín náà ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì rẹ́rìn-ín. N kò rí irú rẹ̀ rí. Títí dòní n kò tíì rí i.

Ọ̀gá Dáre gbé kámẹ́rà rẹ̀. Kò wò mí. Ó ní, "Ìwọ, kúrò lábẹ́ igi yẹn."

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣebí èmi ni—"

Ó ní, "Ọdún mẹ́rin lo ti ń sunkún fún mi. Omi lásán ni. Jókòó, kí o kọ́ bí wọ́n ti ń ṣe é."

Ó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú àwọn òṣèré wa, tó máa ń ṣe aláwàdà, ní, "Mísì, ẹ ò mú sílétì dání ni? Iṣẹ́ àmúrelé ti dé o." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo lọ jókòó.

Bàbá Ọdẹ́túndé jáde wá nígbà tí Ọ̀gá Dáre ń ya obìnrin náà lọ. Ó dúró lókèèrè. Ó ní, "Opó kì í jáde wá rẹ́rìn-ín. Ó ti tó o." Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń parí lọ.

Ọ̀gá Dáre bọ́ sínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, ó ní kí wọ́n fi kúbùsù tó nípọn dí ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ló ti yọ fíìmù náà sínú agolo, ó fi tépù dì í yíká. Ó ti kọ́ gbogbo wa pé bí ìmọ́lẹ̀ bá fi lè kan fíìmù kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ parẹ́ nìyẹn. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Ó gbé agolo náà fún mi pé kí n mú un lọ sí Ìbàdàn, kí n fi ránṣẹ́. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ nìkan ni ọkàn mi balẹ̀ sí." Bí ó ti sọ̀rọ̀ sí mi lábẹ́ igi ní wákàtí méjì ṣáájú kò tilẹ̀ sí lójú rẹ̀ mọ́.

Mo dúró de bọ̀lẹ̀kájà ní Ìyànà Ọ̀fà ní ọjọ́ kejì. Ó tó agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, oòrùn sì mú. Ilé kan wà lẹ́yìn ọjà tí wọn kò tíì kan òrùlé rẹ̀. Mo wọ inú rẹ̀. Mo jókòó lórí búlọ́ọ̀kù alámọ̀. Mo bó tépù náà díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà ya. Mo ṣí agolo náà. Mo fa fíìmù náà jáde bí ẹni ń wọn aṣọ, ọ̀pá lé ọ̀pá, ó lé ní ọgbọ̀n ọ̀pá. Mo tẹ́ ẹ sórí itan mi sínú oòrùn. Mo kà láti oókan dé ọgọ́rùn-ún, mo sì tún un kà. Lẹ́yìn náà mo ká a padà, ó pẹ́ kí n tó ká a tán dáadáa. Mo dì í ní tépù rẹ̀. Mo wọ ọkọ̀. Mo fi ránṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò fẹ́ parọ́ fún yín. Mo ti gbìyànjú fún ọ̀pọ̀ ọdún láti sọ fún ara mi pé ẹ̀rín obìnrin yẹn nìkan ni mo fẹ́ pa rẹ́, pé mo gbàgbé pé ọwọ́ òkú wà nínú fíìmù kan náà. N kò gbàgbé. Nígbà tí mo dé bí ìlàjì, mo rántí. Ọwọ́ mi dúró díẹ̀. Mo tún ń fà á.

Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, fíìmù náà padà dé ní ọ̀sẹ̀ tí ìwádìí bẹ̀rẹ̀. Alága àwọn tó ń wádìí ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i, kí àwọn akódà má baà sọ pé Ọ̀gá Dáre ti fọwọ́ kàn án. Ó ní ojú gbogbo wa ni wọn yóò ti ṣí i. Ní ọjọ́ náà wọ́n fi ẹní dí gbogbo fèrèsé kóòtù. Wọ́n ta aṣọ funfun. Bàbá Ọdẹ́túndé wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdílé rẹ̀. Ìyá Fádùnkẹ́ jókòó nílẹ̀ ní iwájú, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fádùnkẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Ọ̀gá Dáre tan ẹ̀rọ náà. Ìmọ́lẹ̀ funfun yọ lórí aṣọ. A ń retí. Ẹ̀rọ náà ń yí. Ìmọ́lẹ̀ funfun náà kò yí padà títí fíìmù náà fi tán, tí ìdí rẹ̀ ń gbá ẹ̀rọ náà pàràpàrà.

Akódà tó sọ̀rọ̀ ọba lọ́jọ́ kìíní ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ẹ̀yin ará, ẹ wò ó, òkú náà mọ́ ju omi àmù rẹ̀ lọ o!" Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Alága ní kí wọ́n dákẹ́. Ó bi Ọ̀gá Dáre bóyá ó ní ẹ̀rí mìíràn. Ọ̀gá Dáre mú fíìmù náà dání, ó ń gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ, ó ń wò ó, ó mọ́ gaara bí gíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwádìí náà parí ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ibà ló pa á, bí wọ́n ti kọ ọ́.

Ìdílé náà kò dúró kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Iwájú kóòtù náà ni Bàbá Ọdẹ́túndé ti sọ̀rọ̀, kò sì pariwo.

Ó sọ fún Ìyá Fádùnkẹ́ pé, "O gbé òkú sí gbangba, o tún rẹ́rìn-ín nínú aṣọ opó rẹ. Òkú náà ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa àwòrán ara rẹ̀ rẹ́. Kì í ṣe àwa la kọ̀ ọ́. Òun ló kọ̀ ọ́. Máa lọ sílé baba rẹ. Àwọn ọmọ, tiwa ni."

Ọ̀gá Dáre dọ̀bálẹ̀ fún un nínú erùpẹ̀. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ló wọnú fíìmù, ilẹ̀kùn kámẹ́rà òun ni kò dé dáadáa, ẹ̀bi òun ni. Bàbá náà ní, "Ọmọ mi, dìde. Ìmọ́lẹ̀ wo ló mọ ibi tí ọwọ́ òkú wà?"

Wọ́n mú àwọn ọmọ náà lọ. Fádùnkẹ́ di aṣọ ìyá rẹ̀ mú, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sì ń já àwọn ìka rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ, Ìyá Fádùnkẹ́ wá bá mi. Nínú gbogbo ènìyàn tó wà níbẹ̀, èmi ló wá bá. Kò sunkún. Ó ní, "Mísì, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òkú lè pa àwòrán rẹ́?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí mo bá sọ pé rárá, ìbá ti tó. N kò tilẹ̀ nílò láti sọ ohun tí mo ṣe. Rárá kan ṣoṣo láti ẹnu ẹni tó mọ̀wé. Ó ń wo ẹnu mi. Mo sì rántí ẹ̀rín tí wọ́n fi mí rín lábẹ́ igi.

Mo ní, "N kò rí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó jọ pé inú bí i pé o rẹ́rìn-ín."

Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n dá ẹjọ́ fún tó sì gbà pé ẹjọ́ náà tọ́. Ó ní, "Ẹ ṣé, Mísì. Ó yẹ kí n ti mọ̀." Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀gá Dáre kò ya fíìmù mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ta kámẹ́rà náà. Ó ṣì ń ṣeré, ó ṣì ń tẹ̀lé ẹjọ́ àwọn tí wọ́n ń rẹ́ jẹ, wọ́n ti nà án nítorí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó jẹ́jẹ́, mo máa ń rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan tó sì ń tì í nínú òfìfo, ó ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wọlé. Ní ọdún kejì ó fẹ́ mi. Ó ní èmi nìkan ni kò sọ̀rọ̀ burúkú sí òun lẹ́yìn ìwádìí náà. A ti bí ọmọ mẹ́ta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sọ pé ìyà ọkàn ti jẹ mí tó. Mo jẹun. Mo sùn. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní òfin mẹ́wàá.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá kí wa. Ọmọ ìjọ wa ló fẹ́ fẹ́ ẹ, àwọn ìdílé ọkọ sì ti ní kí ọkọ mi wá bá wọn jókòó ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Nígbà tó dárúkọ ara rẹ̀, ife tó wà lọ́wọ́ ọkọ mi jábọ́. Fádùnkẹ́ ni. Ó ti di ọmọge.

Ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo wa. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ya ìyá mi ní fíìmù. Mo fẹ́ kí wọ́n wá gbàdúrà fún mi ní ọjọ́ tí mo bá ń lọ sílé ọkọ. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ní ìyá mi ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún wọn." Nígbà tó yá ó wo ilẹ̀, ó ní, "Èmi gan-an, ẹ̀rù ń bà mí. Wọ́n ní ọwọ́ tí òkú bá kọ̀, kò yẹ kó kan orí ìyàwó."

Ọkọ mi sunkún. Ó tún ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn kámẹ́rà fún un. Ó lọ bá Bàbá Ọdẹ́túndé, bàbá náà kò gbà. Ó wá lọ bá Ìyá Fádùnkẹ́ fúnra rẹ̀ ní apá Ọ̀nà Àrà, níbi tó ti ń dá oko ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò lọ́kọ mìíràn. Ọkọ mi padà dé, ó ní obìnrin náà kò bínú sí òun. Ó ní obìnrin náà ní òun kò ní wá. Ó ní òun kò fẹ́ kí ohun tó wà lára òun ran ọmọ òun.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ mi dáadáa. Nígbà tí mo gbọ́ pé kò ní wá, ọkàn mi balẹ̀. Mo wọ ilé ìdáná, mo ń kọrin. N kò mọ̀ pé mò ń kọrin, ọmọ mi ló bi mí pé kí ló dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ara mi bà mí. Mo ti máa ń rò pé ẹni tó jókòó nínú ilé tí kò ní òrùlé yẹn ti kú. Kò kú.

Mo ti ro ó síwá sẹ́yìn. Bí mo bá lọ bá Bàbá Ọdẹ́túndé, yóò ní ọkọ mi ló rán mi. N kò ní ẹ̀rí. Bí mo bá lọ bá Ìyá Fádùnkẹ́, kí ni n óò gbé kalẹ̀ níwájú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tí kò fi tọ́ ọmọ rẹ̀? Bí mo bá sọ fún ọkọ mi, ilé mi tú. Ó lè dárí ohun púpọ̀ ji ènìyàn, ṣùgbọ́n n kò rò pé ó lè dárí èyí jì mí. Síbẹ̀, òun nìkan ni ìdílé náà lè gbà gbọ́, bí òun àti èmi bá jọ lọ. Àwọn àgbà àárín yín, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Ṣé ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ báyìí ṣì lè dá ìyá padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn?

Ojú ọkọ mi ti ń ṣe bàìbàì láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kò lè kàwé mọ́. Èmi ni mo ń ka ìwé ìròyìn yìí sí i létí ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Kì í fẹ́ kí n fo ohunkóhun. Bí ẹ bá ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí lọ́wọ́, èmi náà ti ṣí ojú ewé kan náà nínú pálọ̀ wa, ó sì ti tẹ́ etí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàdúrà fún mi kí n má fò ó.